Bisikíìtì Ẹ̀pà Aláwòrán Ẹranko

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í rìn jìnnà kí ó tó kan Ìlobù, ìlú tí odò Erinlẹ̀ ń ṣàn ní ẹ̀bá rẹ̀. Ní Ìlobù, àti ní Ìfọ́n tí ó múlé tì í, ẹ̀pà kì í ṣe àlejò. Wọ́n ń sè é ní tútù, wọ́n ń yan án nínú iyanrìn gbígbóná, wọ́n ń fi jẹ gúgúrú, wọ́n ń fi jẹ bọ̀ọ̀lì, wọ́n sì ń fi mu gàrí ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú. Ohun tí ó fẹ́ ṣe àlejò díẹ̀ ni kí á lọ ẹ̀pà náà kúnná bí bọ́tà, kí á pò ó mọ́ fùláwà àti ṣúgà àti ẹyin, kí á gé e ní àwòrán ẹranko, kí á yan án, kí á sì fi ṣúgà kun ojú àti etí fún un. Bisikíìtì ni, ṣùgbọ́n bisikíìtì tí ọmọdé yóò kọ́kọ́ pè ní orúkọ kí ó tó bù ú jẹ.

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe nínú ilé, pé àfi ẹni tí ó bá ní ààrò òyìnbó àti irin ìgé tí a rà láti òkè òkun. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun èlò kọ́ ni ó ṣòro. Ohun méjì ni ó ń ba bisikíìtì yìí jẹ́: èkínní ni ẹ̀pà tí kò dára, èkejì ni àwòrán tí ó yọ́ dànù. Méjèèjì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí àwo tó kan iná, iná kò sì lè tún ọ̀kankan ṣe nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bisikíìtì ẹ̀pà fún ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ṣáájú iná ni kí ó fún ní àkókò jù.

Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ rin ìrìn àjò jíjìn kí ó tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àwọn ará Potogí ni ó gbé e wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ilẹ̀ sì gbà á tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ibí ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn tí ó mọ Kánò ní àárín ọdún 1950 sí 1970 kò jẹ́ gbàgbé àwọn òkè ẹ̀pà tí wọ́n fi àpò tò jọ gogoro, tí ó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tí yóò kó wọn lọ sí etí òkun. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú àrùn tí ó kọlu ewé ẹ̀pà ní ọdún 1975, wà lára ohun tí ó wó àwọn òkè náà lulẹ̀. Ní ti ẹ̀pà lílọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní bọ́tà, Marcellus Gilmore Edson, ará Kánádà, gba ìwé àṣẹ lé irú rẹ̀ kan lórí ní ọdún 1884. Ní ọdún 1916 ni George Washington Carver, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó ń kọ́ni ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa ọ̀nà 105 tí ènìyàn lè gbà pèsè ẹ̀pà fún jíjẹ. Bisikíìtì ẹ̀pà sì wà lára wọn.

Àwòrán ẹranko lára bisikíìtì kì í ṣe tuntun pẹ̀lú. Láti ọdún 1902 ni ilé iṣẹ́ National Biscuit Company ti ń ta bisikíìtì ẹranko fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nínú páálí kékeré olókùn. Àwọn ẹranko inú àgò ni wọ́n yà sí ara páálí náà, ó sì di ọdún 2018 kí wọ́n tó yọ ọ̀pá àgò kúrò. Kìnnìún wà níbẹ̀, béárì wà níbẹ̀. Ọmọ Ìlobù lè jẹ béárì bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò mọ ìtàn béárì kankan. Ibẹ̀ ni ànfààní bisikíìtì tí a ṣe nínú ilé wà: ìyá ni yóò yan ẹranko tí ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ láti inú àlọ́.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ bí a ti ń fi ẹ̀pà lílọ̀ mọ nǹkan. Kúlíkúlí ń bẹ. Àwọn obìnrin Hausa àti Nupe ni ọ̀gá rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará Agonlin ni òkìkí tirẹ̀ kàn mọ́ lára. Ẹni tí ó bá ti wo bí wọ́n ti ń ṣe é yóò rántí pé wọn kì í kàn lọ ẹ̀pà kí wọ́n sì dà á sínú epo. Wọn a pò ó, wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a fún un, títí òróró yóò fi jáde, tí èyí tí ó kù yóò sì le tó ohun tí wọ́n lè yí ní òrùka, ní ọ̀pá tàbí ní róbótó. Bí wọ́n bá fi òróró náà sílẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní í dúró ní ìrísí kankan. Ọgbọ́n yìí ṣe pàtàkì fún alábisikíìtì, nítorí òróró kan náà ni yóò bá jà.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí òróró, ẹ̀pà ni kí á kọ́kọ́ mú. Kí á tó yan ẹ̀pà, kí á yàn án. Ní agbègbè Ọ̀ṣun, ẹ̀pà tí wọ́n gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń gbó ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Inú òjò ni wọ́n ti ń fà á tu, inú òjò ni wọ́n sì ti ń wá oòrùn tí wọn yóò fi sá a. Ẹ̀pà tí kò bá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sápò yóò bu: nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé yóò hù lára rẹ̀. Lára ohun tí ó ń hù bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ń pèsè oró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bí ó bá sì pẹ́ tí ènìyàn ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí gbogbo ilé ìdáná gbọ́. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n rí i pé ẹ̀pà tí ó ti bu ni wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti adìyẹ àti tòlótòló nìkan ni: ní ọdún 2004, ní ilẹ̀ Kenya, oró kan náà inú àgbàdo pa ènìyàn 125.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan alábisikíìtì ju ẹnikẹ́ni lọ ni pé ẹ̀pà lílọ̀ kò ní ojú mọ́. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀pà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò tu èyí tí ó korò dànù. Ọmọ tí ó ń jẹ bisikíìtì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ṣúgà ti bo ìkorò mọ́lẹ̀. Iná kò sì gbà á. Ooru tí a fi ń yan bisikíìtì kò ju nǹkan bí 180 lọ lórí òṣùwọ̀n Selsiọsi, oró yìí sì lè gba ooru tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ra kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ tán. Nítorí náà, ojú àti ọwọ́ ni òògùn rẹ̀. Kí á ra ẹ̀pà tí ó ṣì wà nínú èèpo bí ó bá ṣeé ṣe, kí á sì mì ín létí: èyí tí ó gbẹ yóò máa dún. Bí a bá ti pa á tán, kí á tẹ́ ẹ sórí àtẹ funfun nínú ìmọ́lẹ̀, kí á ṣa gbogbo èyí tí ó hunjọ, èyí tí ó dúdú, èyí tí kòkòrò lu, èyí tí ó ní àbàwọ́n, kí á sì dà á nù. Kí ẹni tí ó ní adìyẹ má ṣe dà á fún adìyẹ. Ohun tí tòlótòló rí ti tó. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì ni ó máa ń sọnù bẹ́ẹ̀, ó sì dára kí ó sọnù.

Yíyan rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti ń yan ẹ̀pà láti kékeré. Iyanrìn mímọ́ nínú agbada, iná tí kò le jù, ọwọ́ tí kò sinmi. Kí ó pọ́n díẹ̀, kí ó má ṣe dúdú. Kí á jẹ́ kí ó tutù, kí á bó o, kí á fẹ́ ẹ, kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iyanrìn kù nínú rẹ̀. Níbi lílọ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀pà lọ sí ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata tán yóò gbé bisikíìtì aláta wálé. Ẹ̀rọ gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́, ni ó yẹ, kí omi kankan má sì kàn án. Bí kò bá pọ̀, ọlọ ilé tí a fọ̀ tí ó sì gbẹ yóò ṣe é. Kí á lọ̀ ọ́ títí òróró rẹ̀ yóò fi yọ, tí yóò sì máa dán.

Òróró yìí ni ọ̀tá èkejì. Bí bisikíìtì bá wọ inú ooru, bọ́tà àti òróró ẹ̀pà ni yóò kọ́kọ́ yọ́, ṣúgà yóò sì tẹ̀lé wọn. Láàárín ìgbà yẹn, kí ẹyin àti fùláwà tó dì, gbogbo rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtisàn ni. Àwọn àgbà ní bí a bá rí erin kí á sọ pé a rí erin, a kì í sọ pé a rí nǹkan fìrí. Ìdánwò bisikíìtì aláwòrán kò ju èyí lọ: bí ọmọ bá wò ó tí ó béèrè pé kí ni èyí, ìyẹ̀fun náà ti sàn. Ohun mẹ́ta ni ó ń dá a dúró. Kí fùláwà pọ̀ ju ti bisikíìtì róbótó lọ. Kí á má ṣe fi páúdà tí ń mú kéèkì wú sí i rárá. Kí á sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò náà tutù dáadáa kí á tó gé e. Ẹni tí ó ní fíríìjì, kí ó gbé e sí ibẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹni tí kò ní, kí ó fi aṣọ dì í sínú abọ́, kí ó gbé abọ́ náà sínú omi àmù, kí ó sì ṣe é ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ìwọ̀n tí ó dára fún àkọ́ṣe ni ife ẹ̀pà lílọ̀ kan, ìdá mẹ́rin ife bọ́tà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife ṣúgà, ẹyin kan, iyọ̀ fífọ́n díẹ̀, àti fùláwà tí ó tó ife kan àbọ̀ sí méjì. Kí á fi ẹ̀pà, bọ́tà àti ṣúgà lu ara wọn, kí á fọ́ ẹyin sí i, kí á wá máa da fùláwà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí òróró bá léfòó lórí ẹ̀pà lílọ̀ náà, kí á kọ́kọ́ ro èyí tí ó léfòó kúrò, gẹ́gẹ́ bí alákúlíkúlí ti ń ṣe. Yóò dára fún ọbẹ̀. Ìyẹ̀fun náà tó nígbà tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, tí kò sì tíì máa sán.

Fùláwà wọ́n, èyí kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ òní nìkan. Ní ọdún 1987 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, òfin náà sì wà títí di ọdún 1992. Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì ti kọ́ láti máa fi ìyẹ̀fun mìíràn lú u. Àwọn olùwádìí ní IITA ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a kò jẹ́ kí ó kan. Búrẹ́dì kì í fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí pé búrẹ́dì gbọ́dọ̀ wú, ṣùgbọ́n bisikíìtì kò ní ohun tí ó fẹ́ wú sí. Ìdá mẹ́ta fùláwà lè jẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kí ọmọ má sì mọ̀. Láfún kọ́ ni à ń wí o. Òórùn láfún yóò borí ẹ̀pà.

Ó wá kù sí ọwọ́ ẹni tí ń ya àwòrán. Erin ni ó yẹ kí ó ṣáájú ní Ìlobù. Àwọn ará ìlú náà a máa pìtàn pé ọdẹ ni Erinlẹ̀, pé ó wọlẹ̀, ó sì di odò; àwọn kan sì ń tú orúkọ rẹ̀ sí erin tí ó wọ ilẹ̀. Àwọn òbí kan lè máa kọminú pé àwòrán òrìṣà ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ jẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ká lára, kí ó pè é ní erin lásán; erin ti wà nínú igbó kí Erinlẹ̀ tó dọdẹ. Iṣẹ́ tí ó wà lára erin ni ọwọ́jà rẹ̀. Bí ó bá tín-ínrín, yóò jó kí ara tó jiná, yóò sì kán. Kí á jẹ́ kí ó nípọn, kí ó tẹ̀ wálẹ̀ kí orí rẹ̀ sì fara kan àyà. Kí ẹsẹ̀ kúrú. Kí á gé etí lọ́tọ̀, kí á fi ẹyin lílù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Irin ìgé kò ní láti ti òkè òkun wá: àwọn tí ń fi páànù ṣe fìtílà àti àrọ yóò fi ọ̀já agolo mílíkì ṣe é ní ìrísí tí a bá yà fún wọn lórí ìwé, kí wọ́n ṣáà ṣẹ́ etí rẹ̀ kan po kí ó má ṣe gé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá sì rí wọn, kí ó gé erin sára páálí líle, kí ó tẹ́ ẹ lé ìyẹ̀fun, kí ó fi ọ̀bẹ tọ̀ ọ́ yí ká. Kí ìyẹ̀fun tí a fi ìgò yí náà nípọn tó ìka ọmọdé.

Ìjàpá kò nílò irin kankan. Ó ti tó ọdún 1930 àti díẹ̀ tí àwọn ìwé ìdáná Amẹ́ríkà ti ń kọ́ni pé kí á fi fọ́ọ̀kì tẹ bisikíìtì ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mejì, lóròó àti níbùú, nítorí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ ki, kì í sì í jiná dọ́gba bí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá wo ilà fọ́ọ̀kì náà dáadáa yóò rí i pé ẹ̀yìn ìjàpá ni. Orí kékeré kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó parí. Ọmọ tí ó ti gbọ́ àlọ́ bí ìkarahun rẹ̀ ṣe fọ́ kò ní í béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbín sì jẹ́ ti Ìfọ́n, nítorí oúnjẹ Òrìṣà Olúfọ́n ni. Òun ni ó rọrùn jù fún ọwọ́ ọmọdé: kí á yí ìyẹ̀fun ní okùn, kí á ká a, kí á fi ìdí okùn náà sílẹ̀ ní gbọọrọ kí ó ṣe orí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣe é.

Ààrò wà nínú ìkòkò. Kí á da iyanrìn gbígbẹ tí ó nípọn tó ìka méjì sínú ìkòkò irin ńlá, kí á to òkúta mẹ́ta sí i, kí á dé e, kí á sì gbé e ka iná èédú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí á wá fọ́n fùláwà díẹ̀ sórí páànù kékeré kan, kí á gbé e sí i. Bí fùláwà náà bá dúdú lójú ẹsẹ̀, iná ti pọ̀ jù; bí ó bá rọra ń pọ́n, ó tó. Kí á to bisikíìtì sórí páànù tí a fi bọ́tà pa, kí á gbé e lé orí òkúta, kí á dé ìkòkò, kí á sì kó èédú díẹ̀ lé ọmọrí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá pọ́n, ó ti jiná, bí ó tilẹ̀ ṣì rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé rírọ̀ náà túmọ̀ sí pé kò tíì jiná, wọn a sì jó o. Bí ó bá ti ń tutù ni yóò máa le. Ẹni tí ó bá gbé e nígbà tí ó gbóná, ọwọ́jà erin yóò kù sí páànù.

Kíkùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń dúró dè. Kí ó tutù pátápátá ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣúgà yóò sàn. Ṣúgà tí a lọ̀ kúnná bí àtíkè, tí a fi omi ẹ̀kán díẹ̀ pò kí ó ki, ni ọ̀dà funfun. Bí a bá fi omi ìṣápá pupa tí a sè pò ó, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú; bí a bá fi ìyẹ̀fun kòkó sí i, yóò dúdú bí ara ìjàpá. Kí á bu ú sínú ọ̀rá mímọ́, kí á gé orí igun rẹ̀ kan bíńtín, kí á máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Hóró yanmọtí kan ni ojú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá àwọ̀ lọ sí ìdí àdìrẹ. Aró tí ó dára fún aṣọ kò dára fún inú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà: ètè wọn yóò wú, ara yóò yọ wọ́n, mímí lè ṣòro fún wọn, irú èyí sì ń pa ènìyàn bí wọn kò bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà, bí ọmọ aládùúgbò bá wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kun erin, kí á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ti jẹ ẹ̀pà rí láìsí wàhálà. Nítorí àwọn ọmọ ọwọ́, kí á má ṣe fi odindi ẹ̀pà ṣe ọ̀ṣọ́, kí ó má baà há wọn lọ́fun.

Bisikíìtì náà lè wà nínú agolo tí ó dé pinpin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan; bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òróró ẹ̀pà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ bá ti wà, kì í tó ọ̀sẹ̀. Erin tí ó bá pé, tí ọwọ́jà rẹ̀ kò kán, ti ọmọ ni. Èyí tí etí rẹ̀ bá já, ẹni tí ó dáná ni ó ni ín.